Èéfín Ẹ́ńjìnnì: Ohun Tí Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Orí Omi Kọ́ Àwọn Tó Ń Lo Jẹnẹrétọ̀

Ẹni tó ń gbé ní Mahuta, ní ìlú Kaduna, lè má wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí omi rí láyé rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ èéfín ọkọ̀ náà kàn án, nítorí pé ọmọ ìyá ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn èèyàn ń pè ní "I better pass my neighbour".

Ẹ́ńjìnnì two-stroke ni àwọn méjèèjì, èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo pẹtiróòlù rẹ̀. Bí epo tuntun ṣe ń wọlé ni èéfín ń jáde, ìdí nìyí tí apá kan epo náà fi ń bá èéfín lọ láìjó. Nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi àtijọ́, èyí lè tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àmì ìràwọ̀

Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ṣètò pé kí a máa lẹ àmì ìràwọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, kí olùrà lè mọ bí èéfín rẹ̀ ti mọ́ tó. Oníràwọ̀ kan, ti òṣùwọ̀n ọdún 2001, fi ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti two-stroke àtijọ́. Oníràwọ̀ mẹ́ta, ti ọdún 2008, tún fi ìdá 65 dín sí ti oníràwọ̀ kan.

Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ kì í ṣe àjẹsára. Epo tí kò jó àti àwọn gáàsì tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ ló ń díwọ̀n. Ẹ́ńjìnnì tó mọ́ ṣì ń tú carbon monoxide jáde, gáàsì tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn.

Bí ó ṣe ń pani

Gáàsì yìí máa ń lẹ̀ mọ́ èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, ọ́síjìn kò sì ní ráyè dé ọpọlọ àti ọkàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, ọmọkùnrin méjì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, kú ní adágún Lake Powell ní Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ kan. Èéfín jẹnẹrétọ̀ inú ọkọ̀ náà ló kó jọ sábẹ́ ìdí ọkọ̀. Ìta gbangba ni wọ́n wà. A lè fojú inú wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nínú yàrá.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Nítorí ìbẹ̀rù olè, àwọn kan ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ilé ìwẹ̀. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ìta ni kó wà, ó kéré tán mítà 6 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí ẹnu èéfín rẹ̀ má sì kọjú sí ilé ẹnikẹ́ni. A lè fi ṣéènì dè é mọ́lẹ̀. Fèrèsé ṣíṣí nìkan kò tó láti lé gáàsì náà.

Orí fífọ́, òòyì, àìlera àti èébì ni àmì rẹ̀. Bí ó bá ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ilé kan náà lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo wọn jáde síta kíákíá, kí wọ́n sì lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó ti sùn lè kú láìrí àmì kankan. Nítorí náà, ẹ pa jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó sùn.