Afẹ́fẹ́ Ni Ẹ́ńjìnnì Ń Jẹ

Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Ìbàdàn lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́kadà kan ti alùpùpù rẹ̀ wọlé. "Ẹ kúuṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ bá mi ṣe rínbọ̀. Tí mo bá ti gbé èèyàn méjì, kì í lè gun òkè mọ́. Mo fẹ́ kó lágbára ju ti ìgbà tí mo rà á lọ."

Ọ̀gá nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, rínbọ̀ kì í fún ẹ́ńjìnnì ní agbára tuntun. Èyí tó ti sọnù ló ń dá padà."

Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ni kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, owó sì ń lọ lọ́wọ́ wọn nítorí rẹ̀. Alùpùpù ọ̀hún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí àwọn ará Ṣáínà ṣe ní àwòkọ Honda CG125, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1976. Ihò tí písítìn ń gùn tó ń sọ̀ nínú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 56.5, ìrìn písítìn láti ìsàlẹ̀ dé òkè sì jẹ́ 49.5. Ẹ ṣírò rẹ̀, àyè tí písítìn ń gbá á jẹ́ 124 cc. Tí ihò náà bá ti jẹ, tí rínìngì kò dí i mọ́, iná tó yẹ kó ti písítìn á máa gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ sísàlẹ̀, ọ́ìlì á sì máa gòkè wá jóná. Rínbọ̀ ni pé kí wọ́n gbẹ́ ihò náà fẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n fi písítìn tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ sí i: mìlímítà 0.25, 0.50, 0.75 tàbí 1.00. Kódà bó ṣe 1.00 la lò, 124 á di nǹkan bíi 128.5 péré.

Ibo wá ni agbára ti ń wá? Kò sí nínú irin. Inú afẹ́fẹ́ àti epo tó jóná pọ̀ ló wà. Ẹ́ńjìnnì á fa méjèèjì wọlé, á tẹ̀ wọ́n pọ̀, púlọ́ọ̀gì á ṣáná sí i, ooru á ti písítìn sísàlẹ̀, èéfín á sì jáde. Gírámù kan epo bẹntiróòlù ń fẹ́ nǹkan bíi gírámù 15 afẹ́fẹ́ kí ó tó jóná tán. Epo kò ṣòro láti rọ sínú ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ ni kì í wọlé tó. Ẹni tó bá ń wá agbára, afẹ́fẹ́ ló ń wá, bó mọ̀ bí kò mọ̀.

Ọ̀nà tó hàn jù ni kí a pààrọ̀ gbogbo blọ́ọ̀kù sí èyí tó gba písítìn mìlímítà 62. 124 á di 149 cc, ó fi ìdá kan nínú márùn-ún lé. Ṣùgbọ́n àyè kékeré tó máa ń ṣẹ́kù lókè písítìn nígbà tó bá gòkè tán kò pọ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ di ìdá kan nínú mẹ́sàn-án tẹ́lẹ̀ á wá di ìdá kan nínú mẹ́wàá àti àbọ̀. Epo tí wọ́n bá tẹ̀ jù báyìí á gbiná fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ọ tí ń dún bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un: bó ṣe ń lu orí písítìn nìyẹn títí tí yóò fi lu. Atẹ́gùn nìkan ló sì ń tu ẹ́ńjìnnì yìí lára. Nínú gó-síló kò sí atẹ́gùn. Búréèkì tí wọ́n ṣe fún 125 kò sì yí padà.

Ẹni tó rin ọ̀nà yìí dópin ni Burt Munro, ará Invercargill ní New Zealand. Indian Scout ọdún 1920 ló ní, 600 cc, tí eré rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 90 ní wákàtí kan lọ. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún tó ń yọ́ irin, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe písítìn, títí ẹ́ńjìnnì náà fi sún mọ́ 950 cc. Ní 1967, lórí pápá iyọ̀ Bonneville ní Amẹ́ríkà, eré rẹ̀ dé nǹkan bíi 295. Gbogbo ohun tó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ló tò sórí pẹpẹ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọrẹ ni wọ́n fún òrìṣà eré. Mẹkáníìkì tó ń bọ Ògún kò nílò kí a túmọ̀ ìyẹn fún un.

Blọ́ọ̀kù ńlá láìtún kábúrétọ̀ ṣe, asán ni. Ọ̀fun kábúrétọ̀ fún láàárín. Afẹ́fẹ́ tó bá ń gba ibẹ̀ á sáré, ìtẹ̀ rẹ̀ á dín kù, epo á sì gba ihò jẹ́ẹ̀tì yọ sókè. Tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ sí i, jẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ fẹ̀ sí i. Púlọ́ọ̀gì ló ń jẹ́rìí: bí ẹnu rẹ̀ bá dúdú, epo pọ̀ jù, bó bá funfun, epo kò tó, ooru sì ti ń pọ̀ jù, àwọ̀ obì gbígbẹ ni à ń wá. Àwọn tó ń gé sàlẹ́ńsà kí alùpùpù lè ké ramúramù, tí wọn kò fọwọ́ kan jẹ́ẹ̀tì, ariwo ni wọ́n rà, wọ́n sì ń fi ẹ́ńjìnnì san án.

Ọ̀gá tú alùpùpù ọ̀dọ́kùnrin náà. Ihò ti jẹ lóòótọ́, ó ṣe rínbọ̀ 0.50 fún un, ó fọ kábúrétọ̀, ó sì ṣe tápẹ́ẹ̀tì kí fáàfù lè máa dé, kó sì máa ṣí bó ti yẹ. Lẹ́yìn náà ló yọ sípírọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré iwájú tó ní eyín 15, ó fi eléyín 14 rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn kò fi agbára kankan kún ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún fà ju ti tẹ́lẹ̀. Eré orí títẹ́jú ló fi san án. "Má sá a tagbáratagbára fún kìlómítà 500 àkọ́kọ́," ni ọ̀gá wí, "kí rínìngì lè mọ ilé rẹ̀." Ọ̀dọ́kùnrin náà ní, "Ẹ ṣé, ọ̀gá," ó tẹ kíìkì lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn.