Ìgbà Ni Ó Yí, Kì Í Ṣe Ọjọ́: Èdè Yorùbá àti Ewu Àyípadà Ojú Ọjọ́ ní Rigasa

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Ohun tí òwe yìí ń fi yé ènìyàn ni pé òjò kì í ṣe ojúsàájú. Èrò tí ó fara sin sínú rẹ̀ ni pé kò sí ọwọ́ ọmọ aráyé nínú bí òjò ṣe ń rọ̀. Ní ayé òde òní ẹ̀wẹ̀, ìwádìí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé ọwọ́ ènìyàn ti wọ ọ̀rọ̀ òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, àti pé ibi tí ènìyàn ń gbé ni ó máa ń sọ bí òjò yóò ṣe pa á tó. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láti Rigasa, àdúgbò ńlá kan ní ìlú Kàdúná. Ó tẹnu mọ́ ọn pé bí èdè bá ṣe pe ewu yìí jẹ́ ara ohun tí yóò mú kí àwọn ènìyàn lè sá fún un.

2.0 Ọjọ́ Yàtọ̀ sí Ìgbà

Gbólóhùn tí ó wọ́pọ̀ lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn ni 'àyípadà ojú ọjọ́'. Ó ní àléébù kan. Ojú ọjọ́ a máa yí padà lójoojúmọ́: ó lè mọ́ ní òwúrọ̀, kí ó ṣú ní ọ̀sán, kí ó sì tún mọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ojú ọjọ́ ń yí padà lè béèrè pé ìgbà wo ni kì í yí padà rí. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí kì í ṣe ọjọ́ kan tàbí òjò kan. Àkọsílẹ̀ ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n sábà máa ń kó jọ kí wọ́n tó sọ bí ìgbà ṣe rí ní ibì kan.

Ìyàtọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá, nítorí pé èdè náà ya 'ọjọ́' sọ́tọ̀ kúrò lára 'ìgbà': ìgbà òjò, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà ọyẹ́. Èdè Hausa, tí ó gbilẹ̀ jù lọ ní Rigasa, ń pe ọ̀rọ̀ náà ní sauyin yanayi. Yanayi sì gbòòrò ju ojú ọjọ́ lọ; ó jẹ mọ́ ipò tí nǹkan wà. Bí Yorùbá bá sọ pé 'àyípadà ìgbà àti ojú ọjọ́', ìtumọ̀ yóò súnmọ́ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ gan-an.

3.0 Ohun tí ó Fa Àyípadà

Afẹ́fẹ́ kan tí à ń pè ní carbon dioxide máa ń bo ayé bí aṣọ ìbora, kì í jẹ́ kí gbogbo ooru oòrùn sá padà sí òfuurufú. Láìsí ìbora yìí, òtútù ìbá pa ayé. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ènìyàn ń sun èédú, epo rọ̀bì àti gáàsì, tí ó sì ń gé igbó lulẹ̀. Ṣáájú kí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbòde, afẹ́fẹ́ yìí jẹ́ nǹkan bí 280 nínú mílíọ̀nù kan. Lónìí, ó ti kọjá 420. Aṣọ ìbora ti nípọn jù.

Afẹ́fẹ́ tí ó gbóná a máa gba omi sára ju èyí tí ó tutù lọ, ní nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí ooru kan náà fi ń gbẹ ilẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó sì ń da òjò líle sílẹ̀ ní ìgbà òjò. Àdéhùn Paris ti ọdún 2015 ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè sapá kí ooru ayé má ju ìwọ̀n 1.5 lọ sí ti àtijọ́. Ọdún 2024 nìkan kọjá ààlà náà. Àmọ́ ọdún kan kò tíì sọ pé àdéhùn ti yẹ̀, nítorí pé ìgbà ni wọ́n fi ń wọn ooru ayé, kì í ṣe ọdún kan.

4.0 Rigasa Lójú Òjò àti Ẹ̀ẹ̀rùn

Rigasa wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlú Kàdúná, ní ìjọba ìbílẹ̀ Igabi. Àwọn arìnrìn-àjò mọ̀ ọ́n nítorí ibùdókọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná tí wọ́n ṣí ní ọdún 2016. Kàdúná kì í ṣe ìlú àjèjì sí Yorùbá. Láti nǹkan bí ọdún 1912 tí ọkọ̀ ojú irin ti ń rìn láti Èkó dé Kánò ni àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò Yorùbá ti ń tẹ̀dó sí àwọn ìlú ojú ọ̀nà rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta dé ibẹ̀ yóò rí i pé ìgbà ibẹ̀ yàtọ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, òjò a máa dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Ní Kàdúná, ìgbà òjò kan ṣoṣo ni ó wà, láti nǹkan bí oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹwàá, oṣù Kẹjọ náà gan-an ni òjò sì máa ń pọ̀ jù. Oṣù díẹ̀ yìí ni ó gbọ́dọ̀ pèsè omi fún ọdún kan. Bí òjò bá pẹ́ kí ó tó dé, tàbí tí ó tètè lọ, kànga á gbẹ, owó omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà á sì gbówó lórí.

Bí òjò bá sì pọ̀ lójijì, ìyọnu mìíràn dé. Nínú àdúgbò tí ilé ti há mọ́ra, omi tí ó ń ti orí páànù ṣàn kì í rí ilẹ̀ wọ̀. Bí ọ̀rá bá ti dí gọ́tà, inú ilé ni omi ń gbà. Àrùn onígbáméjì a sì máa tẹ̀lé e. Ní ìgbà ooru àti eruku, àrùn yírùnyírùn ni ó ń ja apá Àríwá, Kàdúná náà kò sì yọ sílẹ̀.

Ọ̀ràn yìí kò mọ sí Rigasa. Omíyalé ọdún 2012 pa ènìyàn 363 ní Nàìjíríà, ó sì lé mílíọ̀nù méjì ènìyàn kúrò nílé. Ti ọdún 2022 pa ju 600 lọ. Àwọn onímọ̀ tí ó wádìí òjò ọdún 2022 ní agbègbè odò Ọya àti adágún Chad sọ pé ooru tí ènìyàn dá sílẹ̀ ti sọ irú ìgbà òjò bẹ́ẹ̀ di ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po 80 ju ti tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà kò dá ju nǹkan bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ búburú yìí sílẹ̀. Ẹni tí kò dáná ni èéfín ń bá jà. Ojúsàájú tí òwe sọ pé òjò kì í ṣe, ọmọ ènìyàn ti bá a ṣe é.

5.0 Ojúṣe Èdè

Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin àyípadà ojú ọjọ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Àjọ NiMet náà ti ń túmọ̀ àsọtẹ́lẹ̀ òjò rẹ̀ sí Hausa, Ìgbò àti Yorùbá. Níbi ìtumọ̀ yìí ni iṣẹ́ àwọn onímọ̀ èdè wà. Lákọ̀ọ́kọ́, 'ó ṣeé ṣe kí òjò pọ̀' kì í ṣe 'òjò yóò pọ̀'. Bí olùtumọ̀ bá sọ ìṣeéṣe di ìlérí, tí òjò kò sì pọ̀ ní ọdún náà, àwọn ènìyàn yóò pe àsọtẹ́lẹ̀ ní irọ́, wọn kò sì ní kọbi ara sí i ní ọdún tí ewu bá dé lóòótọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, Yorùbá ya àgbàrá sọ́tọ̀ kúrò lára odò tí ó kún. Ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí odò Kàdúná, tí ó gbọ́ pé odò yóò kún, yóò rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Bí a bá sọ fún un pé àgbàrá ń bọ̀, yóò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà òun ni.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Ó hàn gbangba pé àyípadà ìgbà àti ojú ọjọ́ jẹ́ ewu fún gbogbo ọmọ aráyé, ṣùgbọ́n kì í dé bá gbogbo ènìyàn bákan náà. Àwọn tí ó ń sun epo àti èédú jù ní ilé ayé ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dín in kù. Gọ́tà tí kò dí, igi tí a gbìn, kànga tí a bò àti ìkìlọ̀ tí ó yéni kò ní dá ooru ayé dúró, ṣùgbọ́n wọn yóò dá ẹ̀mí sí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Onílé kò sì lè kọ̀ fún ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀.