Ilẹ̀ Sìmẹ́ǹtì fún Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀



Ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ilé rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì parí. Kí ni ẹ tẹ́ sórí kòtò náà?

Igi ni ọ̀pọ̀ nínú wa tò sórí rẹ̀, tí a sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Ní ọdún kìíní, ó dára. Ní ọdún kejì, ikán ti wọ inú igi. Òkè rẹ̀ ṣì ń dán, inú rẹ̀ ti jẹrà. Ní òru ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò, ọmọdé yóò lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, igi yóò sì kán lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kòtò náà lè jìn tó mítà 3.

Ewu kejì wà tí ojú kò rí. Ilẹ̀ amọ̀ kò ṣeé fọ̀, kì í sì í tètè gbẹ. Nínú irú ilẹ̀ tútù bẹ́ẹ̀ ni ọmọ aràn kan ń gbé, tí ó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ ara ẹni tí kò wọ bàtà. Tí ó bá dé inú ìfun, ẹ̀jẹ̀ ni ó ń mu. Sìmẹ́ǹtì ṣeé fọ̀, ó sì ń yá gbẹ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi sìmẹ́ǹtì ṣe ilẹ̀ náà. Dáàlì ni àwọn mọlémọlé ń pè é.

Kí ẹ tó ra sìmẹ́ǹtì, ẹ yẹ kòtò yín wò. Bí ó bá ku ìdajì mítà kí ó kún, ẹ fi erùpẹ̀ dí i, kí ẹ gbẹ́ òmíràn. Bí kànga bá wà nítòsí tí kò tó mítà 30, ẹ má ná owó yín síbẹ̀. Ilẹ̀ wa kò rí bákan náà. Ní Kétu, omi jìn nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, àpáta lè dá ọkọ́ dúró. Ní Àjàṣẹ́, lẹ́bàá ọ̀sà, omi kò jìn. Níbẹ̀, kí kòtò má jìn púpọ̀, kí ẹ sì fi bíríkì gbé ẹnu rẹ̀ ga.

Bí ẹnu kòtò bá fẹ̀ tó mítà 1, kí dáàlì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 120 níhà gbogbo, kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 7. Àpò sìmẹ́ǹtì 1, oníkílò 50, yóò tó. Bí ẹ bá wọn sìmẹ́ǹtì garawa 1, ẹ wọn iyanrìn 2 àti òkúta wẹ́wẹ́ 3. Kí iyanrìn má ní erùpẹ̀ nínú. Ẹ má bu omi jù! Òun ni ó ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Àpòpọ̀ tí ó ṣàn rọrùn láti dà, ṣùgbọ́n kì í le dáadáa.

Ẹ to irin mílímítà 8 ní ìbú àti òòró, kí àlàfo wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15. Kí irin sún mọ́ ìsàlẹ̀, nítorí pé bí ènìyàn bá dúró lórí dáàlì, ìsàlẹ̀ ni ó máa ń fẹ́ là. Síbẹ̀, kí sìmẹ́ǹtì bò ó. Ihò àárín kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ, kí ọmọdé má baà já sínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, dáàlì yóò ti le lójú. Ẹ má gbé e. Omi ni sìmẹ́ǹtì ń mu kí ó tó le, nítorí náà ẹ fi àpò bò ó, kí ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 7.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé etí rẹ̀ lé bíríkì níbi tí kò sí kòtò, kí ọkùnrin mẹ́rin dúró lórí rẹ̀. Bí kò bá là, ẹ pe àwọn aládùúgbò, nítorí ó wúwo ju kílò 200 lọ. Ẹ yọ igi àtijọ́ kúrò pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ẹ to bíríkì yí ẹnu kòtò ká, ẹ tẹ́ sìmẹ́ǹtì tútù sórí wọn, kí ẹ wá gbé dáàlì lé e, kí eṣinṣin má rí àlàfo gbà. Ẹ fi pákó ṣe ìdérí tí ó ní ọwọ́ gígùn, kí ọmọdé pàápàá lè dé ihò náà láìfi ọwọ́ kàn án.