Ìgbálẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, asẹ́ ní Ìdèrè

Bí o bá bọ́ sílẹ̀ nínú BRT ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́yìn Mile 12 àti Owódé Onírin lójú ọ̀nà Ìkòròdú, tí o sì rìn wọ àdúgbò lọ, wo ara ògiri. Ìlà kan wà lára ọ̀pọ̀ ilé, ó dúdú bí ẹrẹ̀ gbígbẹ. Ní ilé kan ó tó orúnkún, ní òmíràn ó tó ìbàdí. Ibi tí omi gùn dé nìyẹn.

Ẹ̀gbẹ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀ ni mo dúró sí nínú oṣù Kẹta ọdún kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan fi bọ́ọ̀sì méjì dé. Wọ́n wá sin ìlú, yóò sì wà lára máàkì wọn. Wọ́n gbálẹ̀, wọ́n ki ọwọ́ bọ gọ́tà tọkàntọkàn, wọn kò ṣe ìmẹ́lẹ́ rárá. Kí aago méjì tó lù, wọ́n ti ya fọ́tò tán, wọ́n ti lọ. Pàǹtí tí wọ́n kó jọ sí etí gọ́tà kò rí ẹni kó o. Òjò àkọ́kọ́ ló gbá a padà sínú gọ́tà. Ìyá kan tó ń ta gààrí níbẹ̀ sọ fún mi pé: “Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa o. Ṣùgbọ́n omi tó ń lé wa jáde nílé, kì í ṣe inú gọ́tà ló ti ń wá.”

Ìyá mọ ohun tó ń sọ. Dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1983, ni omi púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Bí òjò bá pọ̀ tí dáàmù kún, wọn a tú omi sílẹ̀, omi a gba inú odò Ògùn sọ̀kalẹ̀ sí ọ̀sà, Ajégúnlẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2010, omi náà lé ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde nílé. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń wọ àdúgbò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi oṣù Kẹta gbálẹ̀ níbẹ̀ lè gba ìwé ẹ̀rí láì gbọ́ orúkọ Ọ̀yán lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn gbé ètò ìlera kan lọ síbẹ̀, Rockefeller Foundation láti Amẹ́ríkà sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Igbó-Ọrà ni wọ́n fi ṣe ibùdó. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà kì í lọ kó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ó ń di ẹrù rẹ̀, ó ń gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, ó ń jẹ àmàlà àti ilasa bí ọmọ ìlú.

Ìdèrè, tí kò jìnnà sí Igbó-Ọrà, ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà. Sòbìà ló ń bá wọn jà níbẹ̀. Ẹni tó bá mu omi odò tó ní kòkòrò tíntìntín rẹ̀, lẹ́yìn bí ọdún kan ni aràn gígùn bí okùn yóò máa yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àgbẹ̀ kò sì ní lè dé oko. Títí di òní kò sí oògùn rẹ̀. Ó rọrùn láti dé láti Ìbàdàn kí a sì sọ pé, “Ẹ má mu omi odò mọ́.” Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó ti ará Ìdèrè, tí wọ́n bi wọ́n léèrè, gbọ́ pé sòbìà wà lára gbogbo ènìyàn láti ìgbà ìbí, bí iṣan. Kí ló wá kan omi? Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran, àfi bí onílé bá bá a là á. Nígbà tí ojú là, ọ̀nà mìíràn ṣí: aṣọ naílọ́nù tí ihò rẹ̀ kéré ni wọ́n fi ṣe asẹ́ omi, àwọn télọ̀ ìlú ló ń rán an, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n kọ́ láàárín ará ìlú ló ń tà á. Mi ò ní Ìdèrè nìkan ló ṣẹ́gun. Nígbà tí wọ́n ka sòbìà káàkiri Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, ó lé ní 650,000 ènìyàn tó ní in; 2008 ni wọ́n rí ti ìkẹyìn, WHO sì jẹ́rìí sí i ní 2013 pé ó ti tán nílẹ̀ wa.

Ẹnìkan lè sọ pé owó àti ilé ibùwọ̀ ni Igbó-Ọrà ní tí Ajégúnlẹ̀ kò ní. Mo gbà. Kì í ṣe gbogbo kíláàsì ló lè kó ẹrù lọ gbé abúlé. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn agùnbánirọ̀ wa: láti 1973 tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wà lára rẹ̀, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n sì ń yà sọ́tọ̀ fún un báyìí. Ẹ ro ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ náà pọ̀ títí ọdún ìsìn fi parí, ó sún mọ́ ogójì ọjọ́. Ogójì ọjọ́ kò kéré. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé òní ni a lọ gbá ọjà yìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ a lọ kun ògiri ilé ìwé mìíràn, kò sí ojúlé kan tó mọ̀ wá lórúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá tó ń padà sí òpópónà kan náà ní Ajégúnlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò kọ́ ju igba tó dé lẹ́ẹ̀kan. BRT ń dé ibẹ̀, kò gba ilé ibùwọ̀. Ẹni tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ àti odò á fi téèpù wọn ìlà ara ògiri, á bi onílé ọdún tó jẹ́. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn á wádìí ọjọ́ tí ìkìlọ̀ pé wọ́n fẹ́ tú omi Ọ̀yán ń dé etí ìyá tí kì í ka ìwé ìròyìn. Èyí tí a kò sì gbọ́dọ̀ fò ni oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, nígbà tí ibẹ̀ kò dùn ún yà ní fọ́tò.

Lọ́jọ́ yẹn, ìyá onígààrí fi ọwọ́ kan ìlà méjì lára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní ti òkè ni ti 2010. Ti ìsàlẹ̀, ọdún rẹ̀ kò yé òun mọ́. Ó wá ní kí n bá òun béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ yẹn, bóyá wọ́n á lè yà nínú oṣù Kẹwàá, torí àpò gààrí ló máa ń wúwo jù fún òun láti gbé sókè nígbà tí omi bá ń bọ̀.