Ìlà kan ṣoṣo ni mo fò: ohun tí ìwé ìtọ́sọ́nà Linux fi ojú mi rí ní Lomé

Bí ẹ bá gba Déckon kọjá nílùú Lomé, ẹ ó rí àwọn tó ń ta fóònù àti kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kan wà nílé wa. Àǹtí mi tó ń ta aṣọ lọ́jà ńlá Asigamé ló ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó sínú rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, nítorí pé mo fo ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé.

Linux ni kọ̀ǹpútà náà ń lò. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1991. Ọ̀fẹ́ ni, oríṣi rẹ̀ kan sì wà tí kò ni kọ̀ǹpútà tó ti gbó lára. Èyí tó ti délẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lò, bí ẹni ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ. Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé àgbàdo ni wọ́n fẹ́ rà, kí wọ́n rẹ ẹ́, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n sì sẹ́ ẹ fúnra wọn.

Irú àwọn wọ̀nyí ni Gerard Beekmans bẹ̀rẹ̀ ìwé Linux From Scratch fún lọ́dún 1999. Ọ̀fẹ́ ni ìwé náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ẹni tó gbọ́ Faransé ló lè kà á. Ó ń tọ́ èèyàn sọ́nà láti fọwọ́ ara rẹ̀ to Linux látorí kóòdù, ètò kan lẹ́yìn òmíràn, títí wọ́n á fi lé ní 70.

Ìwé náà kì í kánjú. Ó ní kí ẹ yẹ gbogbo ẹrù tí ẹ gbà wò bóyá ó pé, bí oníṣòwò ṣe ń ka ọjà kó tó sanwó. Ó ní kí ẹ dán ètò tí wọ́n ń pè ní Glibc wò dáadáa, nítorí pé orí rẹ̀ ni àwọn tó kù dúró lé. Bí ẹ bá fo èyí, ó lè pẹ́ kí àṣìṣe náà tó yọjú. Ògì tí a kò sẹ́ dáadáa, inú ìkòkò la ti ń mọ̀.

Èyí tí mo fò nìyí. Orúkọ kan wà, LFS, tí a fi ń sọ ibi tí ilé tuntun náà wà fún kọ̀ǹpútà. Tí a bá pa kọ̀ǹpútà tí a tún un tàn, orúkọ yìí lè pòórá. Ìdí nìyí tí ìwé fi ní kí a máa kọ echo $LFS ká tó tẹ̀ síwájú. Iná lọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tó dé, mo wọlé bí ọ̀gá pátápátá lórí kọ̀ǹpútà, mo sì tẹ àṣẹ tó ń yí orúkọ ẹni tó ni fáìlì padà. N kò yẹ ohunkóhun wò. Ilé àtijọ́ tí à ń gbé ni àṣẹ náà bá lọ, ó sì yí i padà yíká. Nígbà tí mo tún un tàn, kò jẹ́ kí n wọlé mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni àǹtí mi fi ń ṣírò gbèsè lórí. Ọpẹ́lọpẹ́ Linux tó wà lórí fláàṣì, òun ni mo fi tan kọ̀ǹpútà náà tí mo fi kó ìwé gbèsè náà jáde. Àṣẹ yẹn kò dé ibi tó wà.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ní Lomé náà kò fojú di ìwé. Lọ́dún 2012 ni Sénamé Koffi Agbodjinou dá WoeLab sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Kodjo Afate Gnikou ti fi àwókù kọ̀ǹpútà ṣe ẹ̀rọ W.Afate, tó ń tẹ nǹkan jáde bí ère, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé lọ́dún 2013. Kì í ṣe òfìfo ló ti bẹ̀rẹ̀. Orí àwòrán RepRap ló gbé e lé, èyí tí Adrian Bowyer bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2005 tó sì fi lélẹ̀ fún gbogbo ayé. Ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹlòmíràn ṣe kó tó fi tirẹ̀ kún un.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, kò pọn dandan kí ẹ to Linux fúnra yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà fún ọmọ tó láwọn fẹ́ tún un ṣe, ẹ kọ́kọ́ da ìṣirò ọjà yín sórí fláàṣì. Ẹ bi í pé ìwé wo ló ń tẹ̀ lé, ṣé ó ti kà á tán? Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ ka ojú ìwé tán kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Ẹ má sì fi kọ̀ǹpútà tí ẹlòmíràn fi ń jẹun kọ́ṣẹ́.

Àǹtí mi ti padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ra ìwé kan àti bírò mọ́ ọn, ó sì ń kọ gbèsè sí méjèèjì.