Ṣé O Mọ̀? Àpòòwé Tó Ń Jẹ́rìí Ìtàn Béésìbọ́ọ̀lù

Lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, àpòòwé lẹ́tà lásán ni. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìfẹ́ ọkàn wọn ni kíkó àpòòwé tí wọ́n fi ṣe ìrántí ọjọ́ ńlá nínú ìtàn béésìbọ́ọ̀lù jọ, eré tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù kékeré, tí ẹnì kejì sì ń fi igi gbá a. Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń wà lójú irú àpòòwé bẹ́ẹ̀: sítáǹpù lókè lápá ọ̀tún, òǹtẹ̀ tí ilé ìfìwéránṣẹ́ lù mọ́ ọn, àti àwòrán ìrántí lápá òsì. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òǹtẹ̀ ni ọkàn mi fà mọ́ jù. Òun ló ń sọ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Òun ló ń sọ bébà di ẹlẹ́rìí.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe Amẹ́ríkà ni sítáǹpù béésìbọ́ọ̀lù ti kọ́kọ́ jáde?

Ilẹ̀ Philippines ni, lọ́dún 1934, nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje eré ìdárayá Ìlà-Oòrùn Éṣíà ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá ní Manila. Sítáǹpù mẹ́ta ni wọ́n ṣe fún ìdíje náà. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ló gbé àwòrán béésìbọ́ọ̀lù. Amẹ́ríkà ló ń ṣàkóso ilẹ̀ náà nígbà yẹn, àwọn ará Amẹ́ríkà ló sì gbé eré náà dé ibẹ̀. Ọdún márùn-ún gbáko kọjá kí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ tó ṣe tirẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ kan náà ni sítáǹpù ti Amẹ́ríkà jáde, tí wọ́n sì ṣí ilé ìrántí àwọn akọni eré náà?

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ọdún 1939 ni, ní Cooperstown, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ New York. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣí National Baseball Hall of Fame. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú náà kò jìnnà, òdìkejì títì ló wà. James Farley, ọ̀gá àgbà pátápátá fún ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà, wá fúnra rẹ̀ láti ta sítáǹpù tuntun náà. Adájọ́ Kenesaw Mountain Landis, ẹni tó ń darí eré náà nígbà yẹn, ló ra ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú àwọn àpòòwé ọjọ́ yẹn, ká wò ó dáadáa. Elésèé àlùkò ni sítáǹpù rẹ̀, sẹ́ǹtì 3 ni iye rẹ̀. O lè máa retí pé wàá rí akọni kan tó gbé igi sókè. Kò sí akọni kankan níbẹ̀. Àwọn ọmọdékùnrin ló ń gbá bọ́ọ̀lù tiwọn lórí ilẹ̀ gbalasa, bí ọmọdé ti ń ṣe níbi gbogbo láyé, tí àwọn ilé abúlé sì wà lẹ́yìn wọn lọ́ọ̀ọ́kán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni òǹtẹ̀ roboto wà, orúkọ ìlú lókè, ọjọ́ àti ọdún láàárín. Ó lé ní mílíọ̀nù 81 sítáǹpù yẹn tí wọ́n tẹ̀. Nítorí náà, àpòòwé ọjọ́ náà kò wọ́n títí dòní; ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lè fi bẹ̀rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìtàn tí wọ́n torí rẹ̀ yan Cooperstown kì í ṣe òótọ́?

Lọ́dún 1907, ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Mills Commission parí ìwádìí rẹ̀ pé Abner Doubleday ló dá béésìbọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní Cooperstown lọ́dún 1839. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́dún 1939. Lẹ́tà ọkùnrin kan tó ń rántí ohun tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni ìgbìmọ̀ náà gbára lé. Bẹ́ẹ̀, lọ́dún 1839 yẹn, ilé ẹ̀kọ́ ológun ní West Point ni Doubleday wà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Ohun tó wú mi lórí ni pé sítáǹpù náà kò dárúkọ Doubleday, kò sì gbé àwòrán rẹ̀. Òǹtẹ̀ náà pẹ̀lú kò sọ pé ibí ni wọ́n ti dá eré sílẹ̀. Ohun tó sọ kò ju pé ní ìlú yìí, lọ́jọ́ yìí, a lù ú. Òótọ́ pọ́ńbélé nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ló bí àwòrán apá òsì?

Warren Harding, ààrẹ Amẹ́ríkà, kú lórí oyè lọ́dún 1923. Nígbà tí wọ́n ṣe sítáǹpù ìrántí rẹ̀ lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, George Linn tó jẹ́ atẹ̀wé tẹ ọ̀rọ̀ ìdárò sójú àwọn àpòòwé kan, ó sì lọ lù wọ́n lóǹtẹ̀ ní Marion ní ìpínlẹ̀ Ohio, ìlú Harding. Látìgbà náà ni títẹ ọ̀rọ̀ àti àwòrán ìrántí sójú àpòòwé ọjọ́ àkọ́kọ́ ti di iṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí ti Cooperstown fi máa dé lọ́dún 1939, onírúurú atẹ̀wé ti ń dìde, kálukú ń ya tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi lè ní ogún àpòòwé ọjọ́ kan náà, kí àwòrán wọn má sì jọra.

Ṣé o mọ̀ pé òǹtẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ lè bọ́ sórí àpòòwé lẹ́yìn ọjọ́ náà?

Ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà máa ń fún àwọn tó ń kó o jọ láàyè. Lóde òní, ó sábà máa ń tó 120 ọjọ́. Wàá ra sítáǹpù náà ládùúgbò rẹ, wàá lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpòòwé, wàá kọ àdírẹ́sì rẹ sí i, wàá wá fi gbogbo rẹ̀ sínú àpòòwé ńlá ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí ilé ìfìwéránṣẹ́ bá fi síta. Wọn á lù ú lóǹtẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, wọn á sì dá a padà.

Ó ní ọgbọ́n tí àwọn àgbà iṣẹ́ ń dá sí i. Wọ́n máa ń ki páálí pẹlẹbẹ bọ inú àpòòwé, kí ó lè le, kí òǹtẹ̀ má bàa ṣe bàìbàì. Wọ́n máa ń fi pẹ́ńsù kọ àdírẹ́sì fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ kí wọ́n lè pa á rẹ́ tó bá padà délé. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kì í fẹ́ kí wọ́n pa nǹkan kan rẹ́. Lójú tiwọn, àpòòwé tí wọ́n kọ orúkọ èèyàn sí, tó rin ìrìn àjò, tí igun rẹ̀ ká kò díẹ̀, ló ní ẹ̀mí jù. Èmi náà wà lẹ́yìn wọn.

Ṣé o mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ni agbábéésìbọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà gbé sórí sítáǹpù?

Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọn kò fi jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ńlá. Lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹrin, ọdún 1947, Jackie Robinson wọ pápá Ebbets Field ní Brooklyn, ó sì wó ògiri náà. Èébú àti ìhàlẹ̀ tó fara dà kò kéré. Ó kú lọ́dún 1972. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹjọ, ọdún 1982, sítáǹpù rẹ̀ jáde ní Cooperstown, sẹ́ǹtì 20. Jerry Pinkney, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú tó lórúkọ, ló yà á. Babe Ruth, tí gbogbo Amẹ́ríkà ń pariwo orúkọ rẹ̀, kò dé orí sítáǹpù tirẹ̀ títí di ọdún tó tẹ̀ lé e. Láti 1947 dé 1982 jẹ́ ọdún 35. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Ṣé o mọ̀ pé lẹ́tà tí wọ́n kọ sí Hank Aaron lọ́dún kan ṣoṣo lé ní 900,000?

Ọdún 1973 ni. Aaron, ọmọ Mobile ní Alabama, ń sún mọ́ àmì tí Babe Ruth fi lélẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá lé ní ẹ̀ẹ̀dẹ́gbẹ̀rin ìgbà, ìyẹn 714, ni Ruth gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri pápá. Bí aláwọ̀ dúdú ṣe fẹ́ gba ipò yẹn bí àwọn kan nínú. Lẹ́tà ń ya wọlé bí omi, títí ilé ìfìwéránṣẹ́ fi fún un ní àmì ìdánilọ́lá pé, yàtọ̀ sí àwọn olóṣèlú, kò sẹ́ni tó gba lẹ́tà tó o. Púpọ̀ jẹ́ ìyìn. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn jẹ́ èébú, àwọn mìíràn sì sọ pé àwọn máa pa á. Aaron tọ́jú àwọn lẹ́tà burúkú náà, kò dà wọ́n nù.

Lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹrin, ọdún 1974, ní Atlanta, ó gbá èyí tó sọ ọ́ di 715. Àpòòwé ìrántí wà tó gbé òǹtẹ̀ Atlanta ti ọjọ́ yẹn. Nígbàkígbà tí mo bá ronú kan ọ̀kan nínú wọn, àwọn lẹ́tà tó kó pa mọ́ náà máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ilé ìfìwéránṣẹ́ kan náà ló gbé àpòòwé ìyìn, òun náà ló gbé ti ìkórìíra. Ẹlẹ́rìí ni àwọn méjèèjì.

Ṣé o mọ̀ pé ìlú tó wà nínú òǹtẹ̀ sábà máa ń ní ìdí?

Ní ọdún 1969, Cincinnati ni sítáǹpù ọgọ́rùn-ún ọdún béésìbọ́ọ̀lù olówó oṣù ti jáde, torí ẹgbẹ́ Red Stockings ti ìlú náà, lọ́dún 1869, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní gbangba pé gbogbo agbábọ́ọ̀lù òun ló ń gbowó. Ti Babe Ruth jáde ní Chicago lọ́jọ́ 6 oṣù Keje, ọdún 1983, àádọ́ta ọdún géérégé sí ọjọ́ tí wọ́n gbá ìdíje àwọn ìràwọ̀ àkọ́kọ́ ní ìlú yẹn. Ti Roberto Clemente, tó kú nínú ìjàǹbá bàálù nígbà tó ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tí ilẹ̀ mì mọ́ ní Nicaragua, jáde lọ́dún 1984 ní Carolina, ìlú tí wọ́n bí i sí ní Puerto Rico. Àsíá Puerto Rico wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú àwòrán náà.

Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù Keje, ọdún 2010, Kansas City ni wọ́n yàn fún sítáǹpù méjì tó ń yin líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú. Ìlú yẹn ni Rube Foster àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jókòó dá líìgì náà sílẹ̀ lọ́dún 1920, nígbà tí ti aláwọ̀ funfun ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Foster wà lórí ọ̀kan nínú sítáǹpù méjèèjì. Kadir Nelson ló ya wọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé àpòòwé lè so akọni méjì tí kò ríra wọn pọ̀?

Kì í ṣe ọjọ́ tí sítáǹpù jáde nìkan ni wọ́n ń ṣe àpòòwé. Bí ohun ńlá bá ṣẹlẹ̀ lórí pápá, ẹni tó yára lè lọ lu àpòòwé lóǹtẹ̀ ọjọ́ náà ní ìlú náà. Wo Lou Gehrig: ìdíje 2,130 ló gbá láì sinmi ẹyọ kan, kí àìsàn tó dá a dúró lọ́dún 1939. Àmì yẹn dúró fún ọdún 56. Lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1995, Cal Ripken gbá ti 2,131 ní Baltimore. Ẹni tó bá lẹ sítáǹpù Gehrig ti ọdún 1989 mọ́ àpòòwé, tó sì lù ú lóǹtẹ̀ Baltimore lọ́jọ́ yẹn, ti so àwọn méjèèjì pọ̀. Kìkì pé sẹ́ǹtì 25 ni sítáǹpù Gehrig, owó lẹ́tà sì ti di sẹ́ǹtì 32. Ó ní láti fi sẹ́ǹtì 7 kún un.

Ṣé o mọ̀ pé o lè fi àwọn sítáǹpù yìí ka bí owó lẹ́tà ṣe ń gun òkè?

Tò wọ́n sílẹ̀: sẹ́ǹtì 3 lọ́dún 1939, 6 lọ́dún 1969, 20 lọ́dún 1982, 25 lọ́dún 1989, 33 lọ́dún 2000, 44 lọ́dún 2010. Nígbà tó di 2012, tí sítáǹpù Joe DiMaggio, Ted Williams, Larry Doby àti Willie Stargell jáde, kò sí iye kankan lójú sítáǹpù mọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ túmọ̀ sí títí láé: iyekíye tí owó lẹ́tà bá dà, yóò gbé e.

Ṣé o mọ̀ pé ọwọ́ tó fọwọ́ sí àpòòwé ló ń sọ ọ́ di olówó iyebíye?

Akọni 11 tó ṣì wà láàyè nínú àwọn tí wọ́n yàn sínú Hall of Fame ló wá sí Cooperstown lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i lọ́dún 1939, Babe Ruth àti Cy Young wà nínú wọn. Ty Cobb pẹ́ dé, kò sì bá wọn wọ inú fọ́tò àpapọ̀. Ṣùgbọ́n àpòòwé wà tí àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá fọwọ́ sí. Ohun tí fọ́tò pàdánù, àpòòwé rí i gbà. Nítorí pé owó ńlá wà nínú irú ìfọwọ́sí bẹ́ẹ̀, àwọn ayédèrú pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Má ṣe ra ìfọwọ́sí olówó ńlá lọ́wọ́ ẹni tí kò lè sọ ibi tó ti rí i.

Tí o bá ti ní tìrẹ, má ṣe fi í sínú ọ̀rá rírọ̀ tí kò dára, kẹ́míkà inú rẹ̀ á ba sítáǹpù jẹ́. Má ṣe gbé e sínú oòrùn, yóò ṣá. Má ṣe jẹ́ kí ọ̀rinrin kàn án. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, má ṣe gé sítáǹpù kúrò lára àpòòwé, ìbáà jẹ́ ti béésìbọ́ọ̀lù, ìbáà jẹ́ ti lẹ́tà àtijọ́ tó wà nínú àpótí bàbá rẹ. Tí o bá gé e, sítáǹpù ló kù sí ọ lọ́wọ́. Òǹtẹ̀ tó sọ ibi tó ti wá àti ọjọ́ tó wá, o ti fi ṣòfò.