Nígbà Tí Táyà Bá Ń Gbo Bọ́dì

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ akérò láti Ìlerò lọ sí Òkèhò lásìkò iṣu tuntun á mọ ohun tí mò ń wí. Dírẹ́bà ti kó iṣu kún bọ́ọ̀tù, ó ti di àpò gààrí mọ́ orí ọkọ̀, èèyàn mẹ́rin sì fún ara wọn pọ̀ lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá já sínú gálọ́ọ̀pù, ẹ óò gbọ́ ohun kan tó ń ha gààràgà lábẹ́ ìjókòó, òórùn rọ́bà tó ń jóná á sì gba ojú fèrèsé wọlé. Táyà ẹ̀yìn ló ń gbo bọ́dì. Dírẹ́bà kò ní wẹ̀yìn; ó mọ̀ pé mẹkáníìkì ti ki rọ́bà sáàárín sípíríngì, pánẹ́lì bítà sì ti fi òòlù lu etí fẹ́ndà wọnú.

Ní Los Angeles, owó làwọn kan ń san kí ọkọ̀ wọn lè rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìsí ẹrù ọjà. Àwọn ọ̀dọ́ ìran Mẹ́síkò ló sọ ọ́ di àṣà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn kan ń kó àpò yanrìn sí bọ́ọ̀tù, àwọn mìíràn ń gé sípíríngì. Láti 1958 ni òfin California ti ní kí ibì kankan lára ọkọ̀ má rẹlẹ̀ ju ìsàlẹ̀ rímù lọ. Ní 1959, ọmọ California kan tó ń jẹ́ Ron Aguirre wá fi ẹ̀rọ tó ń fi epo gbé nǹkan sí abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀: bó bá rí ọlọ́pàá, á gbé mọ́tò sókè, bí ọlọ́pàá bá lọ, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọdún 2024 ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò.

Ohun tí ẹrù iṣu ń ṣe títí ọkọ̀ fi dé Òkèhò, sípíríngì kúkúrú ń ṣe é ní gbogbo ìgbà. Àyè tó wà láàárín táyà àti fẹ́ndà ló ń dín kù. Bí wọ́n bá tún wá gbé táyà tó fẹ̀ sí i, àyè náà á tán.

Ẹ wo táyà 195/65 R15. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 195, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tó 127. Bí a bá bọ́ ọ, tí a fi 225/45 R17 rọ́pò, gíga táyà lódindi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, nǹkan bíi mìlímítà 634 náà ni. Àmọ́ ó ti fi 15 fẹ̀ síta, ó sì fi 15 fẹ̀ sínú. Ẹ tún wo ẹ̀yìn rímù, ẹ óò rí ET àti nọ́ńbà kan, tó ń sọ bí rímù ṣe wọnú tó: bó bá kéré sí i, rímù á sún síta. Bí ti àtijọ́ bá jẹ́ ET45, tí tuntun sì jẹ́ ET35, gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti sún síta ní mìlímítà 10 sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á wo bí rímù ṣe ń dán, wọn ò ní wo nọ́ńbà.

Kí a tó na òòlù sí fẹ́ndà, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tó ń gbo gan-an. Ẹ fi ẹfun kun inú etí fẹ́ndà, ẹ di àpò àgbàdo sẹ́yìn, ẹ rọra wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà tí kò dán, kí ẹ sì yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin sọ́tùn-ún sósì. Ibi tí ẹfun bá ti nù ni ìjà wà. Bó bá jẹ́ etí fẹ́ndà, kí pánẹ́lì bítà kọ́kọ́ mú ọ̀dà ibẹ̀ gbóná kó tó tẹ̀ ẹ́ wọnú. Bí ọ̀dà bá sán, òjò àkọ́kọ́ ni yóò gbé ìpẹtà wá. Bó bá jẹ́ inú lọ́hùn-ún, nígbà tí a bá yí ọwọ́, ET ló ga jù tàbí kí táyà ti fẹ̀ jù, òòlù ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ẹ tún wo rọ́bà kékeré tó wà lórí ṣọ́ọ̀kì, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rì jù; lára tòkunbọ̀ tó ti pẹ́, ó sábà máa ń ti já dànù.

Ní tèmi, ẹni tó ń gba ọ̀nà Òkè-Ògùn kò níṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń gé sípíríngì. Bí rímù 17 bá wù ú, kó rà á pẹ̀lú ET tó sún mọ́ ti àtijọ́, kó sì rántí pé ẹ̀gbẹ́ táyà náà ti di mìlímítà 101 péré. Gálọ́ọ̀pù tí 195/65 gbà mọ́ra lánàá lè tẹ rímù náà kọdọrọ lónìí.